Àǹtí Bọ̀dá àti Pátákó Tí Kò Lámì

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Èmi gan-an, tí kì í bá ṣe pé ìṣojú mi ló ṣẹlẹ̀, mi ò ní gbà á gbọ́: pé àmì ohùn kan ṣoṣo, tí kò tóbi ju ìgbẹ́ eṣinṣin lára ògiri lọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ọmọ mẹ́rìndínlógún kúrò nínú yàrá wọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ èmi tí mo jẹ́ tíṣà di ẹni tó ń sin ejò. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó wá sí ojú ọ̀nà Ayétòrò, kó bèèrè Àǹtí Bọ̀dá lọ́wọ́ ọlọ́kadà èyíkéyìí. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kí wọ́n tó júwe ọ̀nà fún un.

Mo rántí ìgbà tí mo lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Ìṣirò ni mo bá lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn mú lọ́jọ́ náà bí ẹni pé wọ́n rán an sí mi, ìlà àwọn oníṣirò sì gùn títí ó fi yí ilé ìdáná po. Mo wò yíká, mo rí ìlà mìíràn lábẹ́ igi kan, kò ju obìnrin mẹ́fà lọ lórí rẹ̀, ibòji sì bò wọ́n dáadáa. Mo bọ́ sí ìlà ibòji. Mo ti dé ìdí tábìlì kí n tó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa títọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń forúkọ sí níbẹ̀, màmá tó sì jókòó ti tábìlì náà ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ kí n tó la ẹnu. Ó ní ọkùnrin kankan ò tíì wá látàárọ̀, ó gbàdúrà fún mi, ó ní Ọlọ́run á lò mí. Báyìí ni mo ṣe di ọ̀mọ̀ràn nínú ọ̀rọ̀ ọmọdé. Àwọn àgbà ní ohun tójú ń wá lojú ń rí. Ibòji ni ojú tèmi ń wá.

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ tí mo rí iṣẹ́, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n gbé mi lọ, ní ìlú kékeré kan tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Mo ra táì pupa kan ní Ìlaró kí n tó lọ. Mo ti pinnu pé ìwé márùn-ún tàbí ìwé mẹ́fà ni màá kọ́, pé màá máa rìn kiri láàárín àwọn ọmọ tó ti gbọ́n, màá máa fi ẹfun kọ ìṣirò gígùn sójú pátákó, àwọn ọmọ á sì máa bẹ̀rù mi. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, màmá kan tí ohùn rẹ̀ lè dá ẹṣin tó ń sáré dúró, ka ìwé mi lẹ́ẹ̀mejì, ó wo táì mi, ó tún wo ìwé.

"Ṣé ìwọ lo kọ́ nípa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́? Olúwa ṣeun. Jẹ́lé-ó-sinmi ò ní tíṣà láti ọdún tó kọjá."

Mo ní, "Màmá, mo mọ ìṣirò náà o, mà."

Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wàá máa ka ìdí wọn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, orúkọ yẹn gan-an ló ba nǹkan jẹ́. Jẹ́lé-ó-sinmi. Kí ilé ṣáà ti sinmi. Kò sẹ́ni tó bèèrè rí pé ibi tí wọ́n ń kó ariwo ilé lọ dà sí, ṣé ibẹ̀ náà ò ní sinmi ni. Ní àárọ̀, àwọn ìyá tó ń lọ sóko á gbé ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, wọn ò ní dúró kí wọ́n tún wẹ̀yìn. Tí wọ́n bá padà ní ọ̀sán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ní: "Ṣé kò sunkún?" Bí ọmọ náà bá ti kọ́ nǹkan, bí kò bá kọ́ nǹkan, kò kan ẹnì kankan.

Màmá Olùtọ́jú ni mo bá nínú yàrá náà. Òun ló ń wẹ ọmọ tó bá yàgbẹ́ sára, òun ló ń fún wọn lónjẹ, ó sì lè pọn ọmọ kan sẹ́yìn, kó gbé ìkejì sí apá, kó máa fi ẹsẹ̀ mi ìkẹta lórí ẹní. Ó wo táì mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sọ nǹkan kan. Kí ó tó di aago mẹ́wàá, ọmọ kan ti fi táì náà fà mí lọ sílẹ̀, òmíràn ti fi nu ikun, ẹ̀kẹta sì ti ki ìdí rẹ̀ bọnu, ó ń fà á mu bí ẹni fa ìrèké. Àwọn ọmọ náà kò mọ orúkọ mìíràn fún ẹni tó bá dúró nínú yàrá yẹn ju Àǹtí lọ. Mo sọ fún wọn pé ọkùnrin ni mí, kí wọ́n máa pè mí ní Bọ̀dá. Wọ́n rò ó díẹ̀. Wọn ò fẹ́ gba orúkọ àtijọ́ lọ́wọ́ mi, wọn ò sì fẹ́ fi tuntun dù mí. Nígbà tí ilé-ìwé fi máa jáde, mo ti di Àǹtí Bọ̀dá. Nígbà tí mo fi máa dé ìdíkọ̀ láti padà sílé, àwọn ọlọ́kadà ti gbọ́.

Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wa pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó gbé mi lọ sí ìwé márùn-ún. Ó ní òun ti gbọ́. Mo kọ èkejì. Mo rí i lọ́jọ́ kejì tó fi wé ẹ̀pà sísun. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbínú kọ́ni. Mo to àwọn ọmọ náà sórí ìlà, mo kọ oókan dé aárùn-ún sójú pátákó, mo ní kí wọ́n máa tẹ̀lé mi. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ń pariwo oókan dé aárùn-ún. Tí mo bá ti gbé òkúta mẹ́rin kalẹ̀ tí mo ní "Mélòó nìyí?", wọ́n á wò mí bí ẹni tí mo bi ní ọ̀nà Kùtọnu. Àwọn tó gbọ́n nínú wọn á sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo yí ojú padà báyìí, kò sí ọmọ kankan lórí ẹní. Mo sáré jáde. Ẹ̀yìn yàrá ni mo bá wọn. Wọ́n ti tú okùn ewúrẹ́ kan, wọ́n ta á láàárín òkúta méjì, ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká sì dúró tì í, ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó yọ ikùn síwájú. Ẹ mọ̀ pé àwa ará Yewa, ojú ọ̀nà ẹnubodè ni wọ́n bí wa sí. Kí ọmọ wa tó pe "màmá" yanjú, ó ti rí okùn tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ dúró. Ọmọkùnrin kékeré kan wa ọkọ̀ dé, ó ń fi ẹnu dún bí mọ́tò, ó gbé òkúta sínú fìlà.

Ọmọbìnrin náà ní, "Dúró. Kí lo gbé?"

"Ìrẹsì ni, ọ̀gá."

"Àpò mélòó?"

"Mẹ́rin."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka kàn wọ́n. "Márùn-ún ni. Padà sẹ́yìn, lọ kà á dáadáa."

Ọmọkùnrin náà padà sẹ́yìn lóòótọ́, ó jókòó sílẹ̀, ó ka òkúta rẹ̀, ó yọ ọ̀kan jù nù, ó padà wá. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì pariwo tí kò wọlé, okùn ewúrẹ́ ti kọ́ wọn láàárín àkókò tí mo fi yí ojú padà. Mo wẹ̀yìn, Màmá Olùtọ́jú ló dúró tì mí.

Ó ní, "Ọjọ́ tí ẹ dé ni mo ti fẹ́ sọ fún yín pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ nǹkan nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wọ táì."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bọ́ táì sílẹ̀ tí mo sì gbé okùn wọnú yàrá. Gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ mi lábẹ́ ibòji yẹn, tí mo há sórí fún ìdánwò tí mo sì gbàgbé lẹ́yìn rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. A ṣe ẹnubodè, a ṣe ilé ìwòsàn, a fi amọ̀ ṣe iṣu, a fi ìkarahun ìgbín ka nǹkan. Inú mi wá dùn débi pé mo fẹ́ sọ yàrá náà lórúkọ, kí wọ́n má pè é ní ibi tí ilé ti ń sinmi mọ́. Mo ní Ilé Eré ni kó máa jẹ́.

Mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń kọ nǹkan sára mọ́tò, tí gbogbo ìlú ń pè ní Àátíìsì. Ó gbé pátákó kan wá, ó kàn án mọ́ òkè ilẹ̀kùn, ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà: ILE ERE. Mo ní, "Àmì ńkọ́?"

Ó ní, "Àmì wo?"

"Àmì ohùn. Kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe máa pè é."

Ó nu búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "Tíṣà, gbogbo ọkọ̀ tó ń ná Ayétòrò sí Ìlaró, èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ sí wọn nídìí. Kò sí dẹ́rẹ́bà tó bi mí léèrè àmì rí, kò sì sí èyí tí kò dé ibi tó ń lọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á mọ̀ ọ́n."

Ọ̀dà náà ti tán nínú agolo. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní kò burú.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyàwó díákónì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ojú sókè, ó ka pátákó náà, ó sì fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ padà. Ilé Ère ló kà. Ó ní òun ò bímọ fún ilé òrìṣà. Kí oòrùn tó ga, bàbá kan láti mọ́ṣáláṣí náà ti gbọ́, ó wá mú ọmọ tirẹ̀ lọ. Màmá Olùtọ́jú sọ pé látìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ kànga ìlú, òun ò rí ọ̀rọ̀ kan tí oníṣọ́ọ̀ṣì àti onímọ́ṣáláṣí fi ẹnu kò lé lórí tó báyìí.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá àgbà kan yọ sí wa tòun tàdá. Òun ló ń tọ́ ọmọbìnrin tí eyín rẹ̀ ká. Màmá náà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹnì kan tó rò pé òun mọ̀wé ti sọ fún un pé erè ni wọ́n kọ síbẹ̀, ejò ńlá inú igbó.

"Tíṣà, ibo lẹ so ó mọ́?"

"Kí ni, Màmá?"

"Erè."

"Eré ni, Màmá. Wọ́n ń ṣeré ni."

"Ẹ̀yin náà ò ṣáà sẹ́. Wọ́n ń bá erè ṣeré."

"Màmá, kò sí erè. Eré ló wà."

"Kò sí, ó wà. Èwo ni kí n mú níbẹ̀?"

Mo ní kó wọlé wá wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó fi ẹnu àdá ṣí gbogbo ẹní, ó wo inú garawa omi, ó tún rọra yí ẹ̀yìn mi wò, bóyá mo fi nǹkan náà sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, mo rò pé ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ó ní, "Ó ti jáde nìyẹn," ó gbé ọmọ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ọmọ márùn-ún ló kù fún mi.

Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, ìjì jà lópin ọ̀sẹ̀ náà, ó sì ká òrùlé àwọn oníwèé mẹ́fà, ó gbé páànù wọn lọ sínú oko ẹ̀gẹ́. Alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ wá wo ibẹ̀. Bàbá tó ti gbọ́njú ni, ó fẹ́ràn ìwé kíkọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó kéré jù fún un láti kọ ìwé ẹ̀sùn lé lórí. Ó wo àwọn oníwèé mẹ́fà tí wọ́n fi ìwé borí nínú oòrùn, ó wo ọmọ márùn-ún tí wọ́n ń fi amọ̀ ṣe iṣu lábẹ́ páànù tó pé pérépéré. Ó ní ìbáà ṣe òrìṣà ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ìbáà ṣe ejò, ẹni tó ń ṣeré kò nílò òrùlé. Ó pe ìpàdé sí ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, kí gbogbo òbí fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pa jẹ́lé-ó-sinmi rẹ́, kí wọ́n sì kó àwọn oníwèé mẹ́fà síbẹ̀.

Ọ̀gá wa pè mí. Ó ní, "Tí wọ́n bá tì í pa, àwọn ọmọ yẹn á padà máa tẹ̀lé ìyá wọn lọ sóko, Màmá Olùtọ́jú á sì lọ sílé. Ní tìrẹ, ìwé márùn-ún ò ní tíṣà. Bí wọ́n tì í, bí wọn ò tì í, kọ lẹ́tà kan sí i, màá fọwọ́ sí i lọ́tẹ̀ yìí. Ṣé ohun tí ò ń bẹ̀ fún náà kọ́ nìyẹn?"

Ohun tí mo ń bẹ̀ fún ni. Mo kọ lẹ́tà náà lọ́jọ́ náà gan-an, mo pa á pọ̀, mo fi sínú báàgì, ó sì kù kí n gbé e fún un. Mo kọjá níwájú ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ohun kan ń rán mi létí pé mo fi ọmọ kan sílẹ̀ tó ń ka ìkarahun ìgbín, tó ti ka mẹ́fà, tó ku méje. Mo bá ní kí n kọ́kọ́ jà fún yàrá yìí ná. Tí mo bá ṣẹ́gun, màá wá lọ tìyìtìyì. Ọkàn ọmọ ènìyàn nìyẹn.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé nìyẹn. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, màá dọ̀bálẹ̀, màá dìde, màá sì bẹ̀rẹ̀ orin: "Eré ni o, re mí. Kì í ṣe ère, dò re. Kì í ṣe erè, re dò." Bàbá kan dáhùn pé àmín. Ilé kan gbé ẹ̀kọ fún mi, wọ́n rò pé mo ń ṣagbe. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, ó gbọ́ orin náà parí, ó bi aládùúgbò rẹ̀ pé ṣé kì í ṣe pé erè yẹn ti bù mí jẹ. Síbẹ̀ ó mú ọmọ náà padà wá lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àdá lé itan, ó ń ṣọ́ wa. Lọ́jọ́ kejì tó jókòó, àdá ti wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó ń bó ẹ̀gúsí, ó sì ń sọ fún àwọn ọmọ pé kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn kọjá, pé òun rí i tó fi nǹkan pamọ́. Àmọ́ àwọn òbí tó kù ò tíì gbà.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ṣe ohun tó ń tì mí lójú títí dòní: mo ká okùn kúrò. Mo to àwọn ọmọ náà jókòó, mo ní kí wọ́n di ọwọ́ lẹ́nu, tí alága bá ti wọlé kí wọ́n dìde, kí wọ́n kí i ní Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì ka oókan dé ogún fún un. Èmi tí mo ti kọrin eré káàkiri ìlú, ọjọ́ tó yẹ kí n dúró ti eré ni mo wá táì mi pupa rí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fọ̀ ọ́, mo dè é.

Àwọn òbí péjọ síwájú yàrá. Alága dé, ó wọ agbádá, ó gbé ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ́wọ́, àpò agbádá rẹ̀ sì wú. Ó ní kí wọ́n tó sọ ohunkóhun, kí òun kọ́kọ́ fi ojú ara òun rí inú yàrá náà. Mo yí padà láti ṣẹ́jú sí àwọn ọmọ. Ẹní ti ṣófo. Okùn ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ dúró," ni ọmọbìnrin tí eyín rẹ̀ ká wí. "Kí lẹ gbé?"

Alága wò mí. "Kí ló sọ?"

Màmá Olùtọ́jú ló dá a lóhùn. "Ó ní kí lẹ gbé, Bàbá. Ẹnubodè lẹ dé yẹn."

Mo ń fi orí ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́ sí ọmọ náà, mo ń ṣẹ́jú, mo ń fi ọwọ́ rọ táì. Kò wò mí. Ọ̀gá ẹnubodè kì í wo ọmọ iṣẹ́.

Alága ní, "Mi ò gbé nǹkan kan, ìyá mi."

"Kí ló wà nínú àpò yín?"

Àwọn òbí ti ń rẹ́rìn-ín. Alága náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Obì ni, fún àwọn àgbà tó wá sípàdé."

"Mélòó?"

"Mẹ́wàá."

Ó na ọwọ́. Alága kó obì náà jáde, bóyá kí ó lè tètè rí ọ̀nà kọjá. Ọmọ náà tò wọ́n sílẹ̀, ó fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìpàdé ń bá a kà á lábẹ́ ẹnu. "Mẹ́jọ ni, Bàbá. Kò pé."

Ìyá àgbà rẹ̀ ké sí i láti ẹ̀yìn pé, "Ìwọ ọmọ yìí, àgbà kì í purọ́. Ó ṣì í kà ni." Ṣùgbọ́n gbogbo wa ti gbé ojú sí ẹnu alága. Ó pọ́n. Méjì tó kù nínú obì náà ṣì wà lẹ́ẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo rò pé wọ́n á gbọ́ ẹ̀rín ọjọ́ náà dé Ìpókíá.

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́. "Pépà yín dà?"

Alága fi ìwé ẹ̀sùn lé e lọ́wọ́. Mo rò pé ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣáà tán. Ọmọ náà dojú rẹ̀ délẹ̀, ó wò ó, ó tún un dì mú, ó wá ń fi ìka tẹ̀lé ìlà àkọ́kọ́ bó ti rí Màmá Olùtọ́jú tó ń ṣe. Ìka náà dúró lójú kan.

Ó ní, "Eré."

Alága yọ awò ojú rẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó wo ibi tí ìka wà. Lẹ́tà gàdàgbà lòun náà fi kọ ọ́, bí ẹni ń kọ nǹkan sára pákó, kò sì sí àmì kankan lórí rẹ̀: ERE LASAN NI WON N SE NIBE.

Ó bèèrè pé, "Ta ló sọ fún ọ pé eré nìyí?"

Ọmọ náà na ìka sókè, sí pátákó tó wà lórí ilẹ̀kùn. Gbogbo ìlú ló ti ń ka pátákó yẹn láti ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n ń jà lé e lórí. Àṣé òun náà ń kà á. Ó ti padà sí ìwé rẹ̀, ó ń wá kiri. "Eré tún wà níbí." Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà kẹta. "Eré tún wà nínú eléyìí."

Mo yọjú wo èyí tó gbẹ̀yìn. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n W ló ṣáájú rẹ̀. Mi ò ní sọ ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà pè, àmọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní gbogbo agbègbè yẹn.

"Ó kàwé," ni ìyá àgbà wí. Ó dìde dúró. Kò pariwo. "Ọmọ ọmọ mi kàwé. Èmi tí mo ti dàgbà tó báyìí, mi ò mọ èyí tó jẹ́ orí nínú rẹ̀."

Alága ní, "Ọ̀rọ̀ kan ló kà. Kò tíì ka gbogbo rẹ̀."

Ọ̀gá wa na ọwọ́. "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n ka ìyókù sétí ìpàdé."

Alága gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ, ó pa á pọ̀ mẹ́rin. "Ẹ má kà á, Màmá. Ẹ máà kà á." Ẹ má jẹ́ ká rẹ́ ẹ jẹ, bàbá náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ọ̀rọ̀ tó sì sọ lẹ́yìn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ó ní, "Àwọn oníwèé mẹ́fà ńkọ́? Ìdánwò ń bọ̀. Ṣé inú oòrùn ni wọ́n máa wà?"

Ìyá àgbà bi í pé, "Alága, iṣẹ́ kí ni iṣẹ́ yín gan-an?"

Ó wolẹ̀. "Káfíńtà ni mí."

"Ẹn-hẹ́n."

Ibi tí ìpàdé parí sí nìyẹn. Ẹnì kan ní òun mọ ibi tí páànù wà nínú oko òun. Òmíràn ní òun ní ìṣó. Ìyàwó díákónì dúró lábẹ́ pátákó, ó ń wò ó, ó ń pe eré lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Wọ́n ń pè mí kiri nísinsìnyí láti bá àwọn tíṣà ọmọ wẹ́wẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á fi orúkọ gígùn pè mí sórí àga, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan á sì jókòó lẹ́yìn tí ojú ń tì wọ́n nítorí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn. Mo máa ń mọ̀ wọ́n. Táì ni mo fi ń mọ̀ wọ́n. Wọ́n á bi mí pé ìgbà wo gan-an ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ni tèmi, wọ́n á sì rò pé màá dárúkọ ọjọ́ ìpàdé. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo kúrò níbi ìpàdé náà pẹ̀lú lẹ́tà mi nínú báàgì. Mo ti ṣẹ́gun. Ó yá kí n máa lọ sí ìwé márùn-ún. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ṣe mí ní nǹkan.

Ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí mo dé ilé-ìwé. Mo gbọ́ òòlù kí n tó rí ẹnikẹ́ni. Alága ti wà lórí àjà àwọn oníwèé mẹ́fà, ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́, ó ki ìṣó bọnu. Ó yọ wọ́n lẹ́nu, ó sì kí mi lókè ohùn, lójú àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá:

"Àǹtí Bọ̀dá, ẹ káàárọ̀ o."

Mo dá a lóhùn. Mo gbé ojú sí ilẹ̀kùn tiwa. Ẹnì kan ti fi lẹ́ẹ̀dì káfíńtà fi àmì sórí pátákó náà, ó tẹ̀ ẹ́ jinlẹ̀ kí òjò má lè fọ̀ ọ́: ILÉ ÈRÈ.

Mo ní, "Bàbá, eré ni o, re mí. Èyí tí ẹ fi àmì sí yìí, èrè ni, ohun tí ènìyàn ń jẹ lórí òwò."

Ó tún ki ìṣó bọnu, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan sọ̀rọ̀. "Mo mọ ohun tí mo kọ."

Mo yọ ẹfun kan láti tún un ṣe. Mo dúró níbẹ̀ tẹfun tẹfun, mo sì dá a padà sápò. Mo fẹ́ wọlé, okùn dá mi dúró.

"Ẹ dúró, Àǹtí Bọ̀dá. Kí lẹ gbé?"

Òòlù òkè dákẹ́. Bàbá náà ń retí ohun tí màá sọ. Mo ní báàgì ni mo gbé. Ọmọ náà ní kí n tú u. Mo tú u. Ó yọ ẹfun, ó kà á. Ó yọ búrẹ́dì mi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà. Ó wá yọ lẹ́tà náà, ó ṣí i, ó fi ìka tẹ̀lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti ibi tí mo ti kọ déètì títí dé ibi tí mo fọwọ́ sí.

Ó ní, "Kò sí eré nínú eléyìí."

Mo ní, "Rárá. Kò sí."

"Kò lè wọlé," ló wí. Ó pa á pọ̀, ó jókòó lé e, ó sì sọ okùn sílẹ̀ kí n kọjá.